Èsì: Ìdí tí ọrùn ìkarahun Martini-Henry fi ń ya

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ọrùn ń ya bí ẹ ṣe ń sọ ìkarahun idẹ Magtech oní-24 (ìkarahun ọta ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́, ìyẹn shotgun, oníwọ̀n 24) di ti .577/450, ìyẹn ọta Martini-Henry, ìbọn àtijọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Líle ló ń le jù. Bí dáì (irin oníhò tó ń fún ìkarahun sí ìwọ̀n tí a fẹ́) bá ṣe ń fún idẹ pọ̀ ló ń le sí i, ọrùn .577/450 sì tín ju ara rẹ̀ lọ gan-an.

Ẹ má fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi iná rọ ọrùn rẹ̀, ẹ tì í wọ dáì díẹ̀, ẹ tún rọ̀ ọ́ kí ẹ tó parí. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ sínú àwo omi, kí omi bò ó dé ìdajì, kí ẹ máa yí i bí iná gáàsì ṣe ń kan ọrùn. Ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ ló dáa: bó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n báyìí, ó ti tó, ẹ bì í ṣubú sómi. Omi kì í mú idẹ le bíi ti irin o, ó kàn ń dá ooru dúró ni.

Ìdí kò gbọdọ̀ rọ̀ láéláé. Òun ló ń gba agbára ètù dúró; bó bá rọ̀, gáàsì gbígbóná lè tú sí yín lójú.

Bí èjìká (ibi tí ara ìkarahun ti ń tín lọ sí ọrùn) bá tẹ̀ wọnú, gírísì tí ẹ fi pa á kó tó wọ dáì ló pọ̀ jù.