Ẹ Wọn Sípíríngì Kí Ẹ Tó Náwó: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ilẹ̀kùn Gáréèjì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Sípíríngì orí ọ̀pá tó wà lókè ilẹ̀kùn gáréèjì wa já gbàù lóru, ilẹ̀kùn kò sì ṣeé gbé mọ́. Ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 16, ó ga ní 7. Tí mo bá sọ èyí fún ọlọ́jà, ṣé ó tó?

Ìdáhùn: Kò tó. Ilẹ̀kùn méjì lè fẹ̀ bákan náà kí wọ́n má wúwo bákan náà: ọ̀kan lè jẹ́ páànù lásán, kí èkejì ní fóòmù àti gíláàsì nínú. Ìwúwo ni sípíríngì ń gbé, kì í ṣe fífẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ọlọ́jà tó mọṣẹ́ máa bi yín: bí wáyà tí wọ́n fi ṣe é ṣe nípọn tó, bí ihò inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, gígùn rẹ̀, àti ọwọ́ tí wọ́n lọ́ ọ sí.

Ti nínípọn wáyà ló máa ń ko ènìyàn sí wàhálà. Ẹ má gbé téèpù lé wáyà ẹyọ kan, ojú lásán kò lè kà á. Ẹ wá ibi tí àwọn òrùka sípíríngì ti sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, ẹ ha ìpata ibẹ̀ kúrò, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí òrùka àkọ́kọ́, kí ẹ ka 20. Iye ínṣì tí 20 náà gbà ni kí ẹ pín sí 20. Bí wọ́n bá gba ínṣì 4½, wáyà yín jẹ́ ínṣì 0.225. Bí wọ́n bá gba 4 àti 11/16, ó ti di 0.234 nìyẹn. Lórí téèpù, ìyàtọ̀ yẹn kò pé mílímítà 5, ṣùgbọ́n bí iye òrùka wọn bá dọ́gba, èkejì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà lágbára ju èkíní lọ. Ilẹ̀kùn á wá máa fò sókè fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ tún ka 10 lọ́tọ̀. Bí kò bá jẹ́ ìdajì ti 20, ẹ ti ṣì í kà.

Ní ti gígùn, ẹ wọn apá méjèèjì èyí tó já, kí ẹ ro wọ́n pọ̀. Ẹ má ka irin ṣóńṣó tó yọ jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ní ìkejì tí kò já, ẹ má fi gígùn rẹ̀ ra ọjà nígbà tó ṣì wà ní lílọ́: ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá lọ́ ọ ló ń fi òrùka kan kún un. Ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 7 sábà máa ń gba ìlọ́ méje àti ààbọ̀, nítorí náà sípíríngì 0.225 á fi bí ínṣì 1.7 gùn ju bó ṣe yẹ lọ lójú yín.

Ihò inú sábà máa ń wà ní kíkọ sára irin ṣóńṣó yẹn: 175 túmọ̀ sí ínṣì 1¾, 200 sì jẹ́ ínṣì 2. Láti mọ ọwọ́ tí wọ́n lọ́ ọ sí, ẹ gbé apá tó já náà nàró sílẹ̀, kí ẹnu wáyà tó wà lókè wà níwájú yín. Bí ó bá nàka sí ọ̀tún, ti ọ̀tún ni. Bí ó bá nàka sí òsì, ti òsì ni. Àwọ̀ pupa sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀tún, dúdú jẹ́ ti òsì, ṣùgbọ́n wáyà ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ọ̀dà lọ.

Bó bá jẹ́ méjì ló wà lórí ọ̀pá, ẹ ra méjèèjì. Ṣíṣí-àti-pípadé 10,000 ni wọ́n sábà ń ṣe sípíríngì fún. Ẹni tó ń ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ á lò ó tó ọdún méje, ọjọ́ orí ìkejì yín sì kò yàtọ̀ sí ti èyí tó já.

Ẹnikẹ́ni ló lè wọn ọn. Lílọ́ ọ kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pá irin méjì tó wọ ihò ara irin ṣóńṣó yẹn ṣáńṣán, tó gùn tó ínṣì 18, ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó bá ki sìkúrúdíráfà bọ̀ ọ́ ń fi ọwọ́ àti ojú ara rẹ̀ ṣeré.

Ìbéèrè: Ilẹ̀kùn wa ń han bí ó bá ń gòkè. Mo fẹ́ pààrọ̀ àwọn róólà (kẹ̀kẹ́ kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀) àti ínjì rẹ̀ (irin tó so àwọn apá rẹ̀ pọ̀). Mélòó ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ilẹ̀kùn alápá mẹ́rin sábà máa ń ní róólà 10. Ẹ wọn fífẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ (ínṣì 2 ló wọ́pọ̀) àti gígùn ọ̀pá ìdí rẹ̀. Ínjì kì í ṣe ọ̀kan náà o! Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára wọn, 1, 2, 3. Irin tí róólà ń gbà kọjá máa ń jìnnà sí ògiri díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, nítorí náà nọ́ńbà tó ga ló ń gbé róólà jáde síwájú jù. Ẹni tó ra nọ́ńbà 1 fún gbogbo ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ á há. Ẹ ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tú u. Ṣùgbọ́n ẹ má tú irin igun ìsàlẹ̀ méjèèjì rárá nígbà tí sípíríngì ṣì wà ní lílọ́, torí ibẹ̀ ni okùn irin tó ń gbé ilẹ̀kùn so mọ́.

Ìbéèrè: Okùn irin apá kan ti ń tú ní ìsàlẹ̀. Ṣé mo lè ra ẹyọ kan?

Ìdáhùn: Ẹ ra méjì. Okùn tuntun àti èyí tó ti fà kì í dọ́gba, ilẹ̀kùn á sì fì sí apá kan bó bá ń gòkè. Ìsàlẹ̀ ló sábà ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nítorí omi ilẹ̀ tó ń mú un dípẹtà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú sípíríngì sílẹ̀, ẹ na okùn àtijọ́ gbọọrọ, kí ẹ wọn ọ́n láti ojú ihò rẹ̀ dé ìdí kókó òkè. Bí ó bá ti já, ẹ kó gbogbo ègé rẹ̀ dání lọ bá ọlọ́jà.