Ìbéèrè àti ìdáhùn: Ọmọkùnrin mẹ́ta, họlidé gígùn, owó ò sí nílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni mo bí, ọ̀kan ọdún 7, ọ̀kan ọdún 5, àbíkẹ́yìn ọdún 3, Òkè-Àró níbí ní Àkúrẹ́ la ń gbé. Láti ọjọ́ tí sukúù ti vacate ni orí mi ò ti pé mọ́, wọ́n ti fa kọ́tìn pálọ̀ já, wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù fọ́ gíláàsì aládùúgbò, ìjà wọn ò sì lópin. Fóònù mi ni mo máa ń gbé fún wọn kí n lè ráyè tajà. Èyí àárín máa pé ọdún 6 lóṣù tó ń bọ̀, ó ní bọ́ọ̀sìdéè òun gbọ́dọ̀ ní bouncing castle nítorí pé wọ́n ní in níbi ti ọ̀rẹ́ ẹ̀. Bàbá wọn ní kò sówó, wọ́n tún ní kí n yéé kó ọmọkùnrin wọ kíṣìnì. Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, kí ni mo lè ṣe tí ò ní náni lówó táwọn ọmọ á sì gbádùn ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìyá àwọn bọ́ìsì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ ó jèrè wọn lágbára Ọlọ́run. Kọ́tìn tó já yẹn, ẹ tiẹ̀ bá mi tú èyí tó kù náà sílẹ̀, ẹ ká a sínú àpótí títí họlidé á fi parí, ẹ wá aṣọ àtijọ́ kan ta síbẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nọ́sìrì àti pírámárì wọ́ọ̀nù nílùú yìí, ọkùnrin mẹ́rin lèmi náà sì bí, kọ́tìn tèmi tí wọ́n fà já ju ẹyọ kan lọ.

Ohun tí mo kíyè sí lára ọmọkùnrin tó wà láàárín ọdún mẹ́ta sí méje ni pé a máa ń rò pé ẹni tó máa dá a lára yá ló ń wá, irọ́ ni, iṣẹ́ ló ń wá. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ kàn máa wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Á ti àga, á fà á padà, á gbé tìmùtìmù lé tìmùtìmù, á wá gun kọ́tìn wò bóyá ó lè gbé òun. Ara ẹ̀ ló ń wá nǹkan tó wúwo tó máa bá wọ̀yá ìjà, tí kò bá wá rí nǹkan kan, àbúrò ẹ̀ ló máa gbé. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó sọ pé "ẹ jókòó jẹ́ẹ́" lówùúrọ̀, ẹ fún wọn ní nǹkan gbé. Èyí ọdún 7 lè pọn omi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kékeré, èyí àárín lè máa gbé iṣu lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìnkùlé wọ kíṣìnì, àbíkẹ́yìn á máa ru àlùbọ́sà kan ṣoṣo tayọ̀tayọ̀ bí ẹni ru àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹ máa kí wọn "ẹ kú iṣẹ́ o" bẹ́ ẹ ṣe máa kí àgbàlagbà. Mo ti rí ọmọ tó padà lọ gbé iṣu tó ti gbé tẹ́lẹ̀ nítorí kíkí yẹn.

Ti fóònù, mi ò bá yín wí o, ẹni tó ń tajà tó tún ń wo ọmọ mẹ́ta, ọwọ́ mélòó ló ní. Àmọ́ ẹ fi àkókò sí i. Àjọ ìlera àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ lọ́dún 2019 pé ọmọ ọdún 3 sí 4 ò gbọ́dọ̀ jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, kó tiẹ̀ dín síyẹn ló dáa jù, wọ́n sì ní kó máa lo ara ẹ̀ fún 180 ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí 60 nínú ẹ̀ jẹ́ eré tó ń mú èèyàn mí hẹlẹ. Ẹ wò ó, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́! Ẹ rí i pé kì í ṣe pé àwọn ọmọ yín ya ìpátá, bí wọ́n ṣe dá wọn nìyẹn. Èmi ní tèmi, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán nígbà tí oòrùn bá mú gan-an ni mo máa ń fún wọn ní fóònù, tí wákàtí bá sì pé, ó pé, kò sí "ó ku díẹ̀". Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n máa sunkún, ọjọ́ kẹrin wọ́n á gbà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Bàbá wọn àti kíṣìnì. Ẹ bá mi kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ wá rọra bi wọ́n pé níbi òde tí wọ́n lọ gbẹ̀yìn, ta ló dúró nídìí iná tó ń yan àsun? Ìpínlẹ̀ Oǹdó la ti ń jẹ àsun kí àwọn ará Èkó tó mọ̀ ọ́n, ọkùnrin ló sì sábà máa ń wà nídìí ẹ̀, wọ́n á wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, òógùn á bò wọ́n, kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n ń ṣe bí obìnrin. Iyán náà ńkọ́, tí àlejò bá pọ̀, àwọn géńdé kọ́ ni wọ́n ń pè sídìí odó? Tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Puff-puff ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Fíláwà kọ́ọ̀bù 3, ṣúgà ìdajì kọ́ọ̀bù, yíìsì ṣíbí kékeré 2, iyọ̀ díẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó bíi kọ́ọ̀bù kan àbọ̀, kẹ́ ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀ títí á fi kí. Ọmọ kan á wọn fíláwà, ọmọ kan á da ṣúgà (ẹ fojú sí ẹnu ẹ̀ o), ẹ̀gbọ́n wọn á wá fọwọ́ lù ú nínú abọ́, ó gbọ́dọ̀ lù ú dáadáa, ẹ rí i pé wọ́n á tún rí nǹkan lù tí kì í ṣe ara wọn. Ẹ dà á sínú ike tó mọ́ gaara, ẹ fi bírò fa ìlà síbi tó dé lára ike náà, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá bò ó. Ẹ wá sọ fún wọn pé nǹkan ẹlẹ́mìí kan wà nínú yíìsì tó ń jẹ ṣúgà, tó bá jẹ ẹ́ tán á máa tú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé fíláwà sókè. Láàárín wákàtí kan yẹn, ẹ máa gbọ́ "ó ti kọjá ìlà!" bí ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀dógún. Dídín ẹ̀ jẹ́ tiyín nìkan, kí ọmọ kankan má sún mọ́ epo gbígbóná, ẹ yí ọwọ́ àwo dídín sí apá ògiri.

Eré ìdárayá ayé àtijọ́ wà tí ò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà, ẹ ò ní ṣàì rí páálí ẹyin, èyí tó ń gba ẹyin 30. Ihò 5 lọ́nà kan, 6 lọ́nà kejì ni. Ẹ fi síọ́sì gé ìlà méjì tó ní ihò mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ ti ní ọpọ́n ayò nìyẹn, ihò 12 gééré. Ẹ ní kí wọ́n lọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ 48 wá, mẹ́rin-mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Èyí ọdún 7 á kọ́ ìṣirò níbẹ̀ láìmọ̀, Bàbá wọn náà á sì bá wọn jókòó tì í, mi ò tíì rí bàbá tó lè kọjá lára ọpọ́n ayò láìsọ pé "kì í ṣe ibẹ̀ yẹn lo máa ta". Àmọ́ ẹ gbé òkúta kúrò níwájú àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́ta lè kì í bọ imú.

Mọ́tò náà wà. Bọ́tù omi tó ti ṣófo, ìdérí ike mẹ́rin, igi ìgbálẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò sáàárín ìdérí, kí wọ́n wá ti igi ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ lo igi méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ nítorí pé ẹyọ kan máa ṣẹ́. Tí ihò ò bá bọ́ sáàárín gan-an, mọ́tò á máa tiro. Ẹ má tètè sọ fún un o. Ẹ jẹ́ kó wò ó, kó yí i, kó bínú sí i, òun fúnra ẹ̀ á wá sọ pé "Mọ̀mí, ihò yìí ni ò dáa". Ọjọ́ tí ọmọ mi kejì rí i fúnra ẹ̀, kò jẹun ọ̀sán, ó ń ṣe mẹkáníìkì kiri ilé.

Bojúbojú àti Ẹkùn mẹ́ran, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, mi ò ní í sọ ọ́ gùn. Alẹ́ tí wọ́n bá múná lọ, ẹ pa àlọ́ fún wọn. Gbogbo ilé sùn, Kanmbó ò sùn, kí ni o? Imú ni. Awẹ́ obì kan, à jẹ dọ́yọ̀ọ́? Ahọ́n. Ọmọ ọdún márùn-ún máa rẹ́rìn-ín ṣubú, á sì fẹ́ pa tiẹ̀ náà tí ò ní nítumọ̀, ẹ kàn máa dáhùn.

Tí owó mọ́tò bá wà lọ́jọ́ kan, ẹ gbé àwọn méjì àgbà lọ sí Òkè Ìdànrè, kò jìn sí wa rárá. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ ní kí wọ́n máa kà á, ẹ máa rí i pé ẹnu wọn á dákẹ́ tó bá di bí igba. Àwọn ará Ìdànrè ti gbé lórí òkè yẹn tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀ táwọn ọmọ á rí. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ má lọ lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ nítorí àpáta máa ń yọ̀. Ẹ fi àbíkẹ́yìn sọ́dọ̀ ìyá-ìyá ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n ọ́n gòkè.

Ó wá ku bọ́ọ̀sìdéè. Mo ti háyà ilé rọ́bà yẹn rí, nígbà tí àkọ́bí mi pé ọdún márùn-ún. Owó tí mo san dùn mí títí di òní. Agogo kan àbọ̀ ọ̀sán ni epo jẹnẹrétọ̀ tán, ẹni tó gbé e wá ti sáré lọ sí òde míì, ilé rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ wọ̀ọ̀, ọmọ méjì wà nínú ẹ̀, igbe ta. A fà wọ́n jáde. Ibi tí mo ti ń wá fóònù kiri láti pe oníǹkan, mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìnkùlé, mo ní kí ló dé, àṣé páálí fíríìjì tí aládùúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni wọ́n ti sọ di ilé, ọmọ mẹ́sàn-án ló há síbẹ̀, wọ́n ti gé fèrèsé sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí ìyá wọn fi wá mú wọn.

Nítorí náà, Sátidé, agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí méjìlá, ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá kọjá méjìlá, oòrùn á gbóná, àbíkẹ́yìn á fẹ́ sùn, ẹkún á bẹ̀rẹ̀. Ẹ má pe gbogbo kíláàsì, ọmọ méje tàbí mẹ́jọ tó, ilé yín náà ti ní mẹ́ta. Eré lẹ kọ́kọ́ ṣe, oúnjẹ lẹ́yìn, nítorí pé ọmọ tó yó tó wá ń fò nínú àpò máa bì, mo ti fọ aṣọ ẹ̀ rí. Àpò ìrẹsì tó ṣófo fún eré àpò, ọsàn wẹ́wẹ́ lórí ṣíbí, okùn fún fífà, kẹ́ ẹ wá fi ìtàn tàbí àlọ́ kádìí ẹ̀ kí ara wọn lè wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni kẹ́ ẹ fi ṣe alága ìdúró, kó máa pe orúkọ àwọn tó kàn, àbúrò á máa pín bisikíìtì, àwọn méjèèjì ò ní jowú mọ́ torí pé wọ́n nípò. Gbogbo ọmọ ni kó gba ẹ̀bùn kan náà, ẹni tó gba ipò kìíní kẹ́ ẹ kàn pàtẹ́wọ́ fún un.

Kéèkì onílé mẹ́ta ò pọn dandan, ìkòkò tá a da yanrìn sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ máa yan kéèkì tó dáa. Ẹ fi jọ̀lọ́ọ̀fù, puff-puff tí wọ́n pò fúnra wọn àti zóbò tì í. Nǹkan méjì ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú fo: bàlúù tó bá ti bẹ́, ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọmọ máa ń fà á sẹ́nu, á sì dí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ pa. Ẹ̀pà àti gúgúrú náà, ẹ má fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún, àbíkẹ́yìn ni mò ń bá wí.

Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ náà kẹ́ ẹ tó sọ fún un pé kò ní sí ilé rọ́bà. Lálẹ́ òní ni, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má parọ́ pé wọ́n ti gbà á tán, ẹ ní owó ẹ̀ ò sí, àmọ́ ìwọ lo máa yan eré méjì tá a máa ṣe, ìwọ lo sì máa fọwọ́ ara ẹ ya káàdì tá a máa fi pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ. Tó bá lọ ya ilé rọ́bà sórí káàdì, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Páálí fíríìjì náà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti ìsinsìnyí lọ́dọ̀ àwọn tó ń tajà iná nígboro, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín gbé e pamọ́, torí pé àwọn tó ń kó páálí kiri kì í pẹ́ débẹ̀.