Báwo ni ata ṣe ń dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀, báwo ló sì ṣe ń bá a jà?

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ata ló ń ṣọ́ ara rẹ̀. Jíìnì ìdènà àrùn ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ní pùrótéènì kan tó ń ṣe olùṣọ́ nínú rẹ̀. Èyí tó yéni jù ni jíìnì L: pùrótéènì tó bo fáírọ́ọ̀sì mòsáìkì tábà àti àwọn ìbátan rẹ̀ bí èèpo ló fi ń dá wọn mọ̀. Jíìnì Tsw ní tirẹ̀ ń ṣọ́ NSs, pùrótéènì tí fáírọ́ọ̀sì TSWV (èyí tó ń mú kí ewé tòmátì ní àmì, kó sì rọ) fi ń pa ààbò ewéko lẹ́nu mọ́.

Bí olùṣọ́ bá ti fura, sẹ́ẹ̀lì tó kó àrùn náà àti àwọn tó yí i ká á pa ara wọn. Ẹ wo irú ewé bẹ́ẹ̀ dáadáa: ẹ ó rí àmì kéékèèké tó ti gbẹ, nígbà tí ìyókù ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì há sí.

Ọ̀nà mìíràn kò ní ìjà nínú rárá, òun ló sì wú mi lórí jù: ti jíìnì pvr2. Fáírọ́ọ̀sì PVY (èyí tó tún ń bá ọ̀dùnkún jà) nílò pùrótéènì ata kan, eIF4E, kó tó lè pọ̀ sí i. Bí ìrísí pùrótéènì yìí bá yí padà díẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ò ní rí ibi dì mú. Ṣùgbọ́n ata gbọ́dọ̀ jogún ẹ̀dà yìí lọ́dọ̀ òbí méjèèjì.

Ẹ ṣọ́ra fún ooru o: tó bá ju nǹkan bíi 30°C lọ, Tsw àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dà L kì í lè dá àrùn dúró mọ́.