Ìyá tó béèrè nípa ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ kọ́ Mechanical: ẹ jẹ́ kó di súpánà mú

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ìyá wa. Mo ka ìbéèrè yín: ọmọ yín obìnrin yege JAMB, Mechanical Engineering ló fẹ́ kọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń sọ pé kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì, pé ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń fi gíríìsì para. Ẹ wá ń béèrè bóyá orí rẹ̀ á gbé e. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo kọ́, ìdí rẹ̀ náà ni mo ti ń jẹun títí dòní n'Ìbàdàn níbí. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Ọ̀rọ̀ orí kọ́ rárá. Ìṣirò ni Grace Alele-Williams kà jáde n'Ìbàdàn níbí, nígbà tí yunifásítì ṣì ń jẹ́ University College, kó tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin, lọ́dún 1985. Ibí náà ni Deborah Ajakaiye ti gboyè físíìsì ní 1962, òun ló sì wá di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Áfíríkà. Àmọ́ ẹ wo ẹgbẹ́ àwa ẹnjiníà, NSE. 1958 ni wọ́n dá a sílẹ̀. 2024 ni obìnrin àkọ́kọ́, Margaret Oguntala, ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sórí àga ààrẹ. Obìnrin ti ń kàwé já tipẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan irin ni wọ́n ti ń tì wá sẹ́yìn, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà ṣe é máa ń tutù débi pé ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣe é.

Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó wọlé pàápàá. Ilé ẹ̀kọ́ obìnrin ni mo lọ. A ní olùkọ́ físíìsì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, a ní yàrá ìdáná tó rẹwà fún Food and Nutrition, a ò ní olùkọ́ TD, ìyẹn Technical Drawing, yíya àwòrán ẹ̀rọ. Nígbà tí mo dé yunifásítì (mi ò ní dárúkọ rẹ̀), ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wọ kíláàsì drawing, olùkọ́ ní "Gbogbo yín ṣá ti ṣe èyí ní sẹ́kọ́ńdírì," ó sì fò ó kọjá. Àwọn ọmọkùnrin tó ti ilé ẹ̀kọ́ tẹkiníkà wá ti ń fa ìlà lọ. Èmi ò tilẹ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi ní ká ra pẹ́ńsù 2H àti HB pa pọ̀. Ó rọrùn: 2H fún ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń gbé àwòrán kalẹ̀, HB fún èyí tí ojú olùkọ́ máa rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ya pláànù ilé lápá Agbówó ló kọ́ mi nírọ̀lẹ́. Ó gbé páálí ìṣáná síwájú mi, ó ní kí n yà á láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè. Ìgbà tí ìyẹn yé mi ló tó gbé irin tó ní ihò fún mi.

Wọ́kíṣọ́ọ̀bù ló kàn. Wọ́n á fún yín ní irin kan, wọ́n á ní kí ẹ fi fáìlì ha á títí ojú rẹ̀ á fi tẹ́. Ẹ máa gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ máa gbé try-square, irin tí a fi ń wo igun àti ojú tó tẹ́, lé e; bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Fáìsì tó ń di irin yẹn mú, ó yẹ kó bá ìgúnpá ẹni dọ́gba. Tiwa ga dé àyà mi, torí ọkùnrin gíga ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Apá ń ro mí, irin ò tẹ́, wọ́n ní obìnrin ò lágbára. Ẹni tó ń bójú tó wọ́kíṣọ́ọ̀bù ló wò mí títí, ló bá gbé àpótí igi kan wá, ó ní kí n dúró lé e. Irin tẹ́. (Ovaróọ̀lù náà, ti ọkùnrin ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ẹ gbé e fún télọ̀ kó bá yín gé ọwọ́ rẹ̀, torí ọwọ́ aṣọ tó bá tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin bíríbírí kí wọ́n lè gé e, ẹ̀rọ náà á wé e mọ́ra. Irun attachment àti etí híjáàbù, inú aṣọ ni kí wọ́n wà.)

Èyí tí mo fẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ jù ni ti iṣẹ́ alájùmọ̀ṣe. Wọ́n á pín wọn sí ọ̀wọ́ ní láàbù, òun nìkan ló máa jẹ́ obìnrin, wọ́n á ní, "Ìwọ máa kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára." Ó dà bí ìyìn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di akọ̀wé wọn: wọ́n ń tú, wọ́n ń so, èmi ń kọ nọ́ńbà. Nígbà tí ìdánwò dé, tí kálukú ní láti dá ṣe é, àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń di micrometer, ohun tí a fi ń wọn irin tó tín-ín-rín, mú. Lẹ́yìn ìyẹn mo kọ ìwé kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé láàbù wa: ẹni tó máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ẹni tó máa kà á, ẹni tó máa kọ ọ́, ká máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n kùn. Ọ̀kan nínú wọn, ìkọ̀wé rẹ̀ dà bí ibi tí adìyẹ ti ń tan ilẹ̀. A fara da ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ yín ṣe ìwé yẹn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó mọ ara wọn dáadáa.

Tó bá di IT, oṣù mẹ́fà SIWES tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ yẹn, wọ́n tún máa dán an wò. Ilé iṣẹ́ kan lápá Olúyọ̀lé gba èmi àti ọmọkùnrin kíláàsì mi. Wọ́n mú òun lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n fi mí síbi tí wọ́n ti ń gbàlejò. Mo gbé logbook mi, ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, lọ bá ọ̀gá, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, àwòrán iṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ rí níbí, ẹ̀yin náà lẹ sì máa fọwọ́ sí i, ṣé àga àlejò ni kí n yà? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tẹ̀lé fóòmánì. Fóòmánì yẹn ló kọ́ mi pé bearing, irin róbótó tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀rọ máa yí geere, tó bá kọ̀ tí ò wọ ọ̀pá, wọn kì í fi òlù lù ú. Inú òróró gbígbóná ni wọ́n ń kì í sí títí á fi fẹ̀, á sì yọ́ wọlé fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun lónìí nìyẹn. Ẹ sọ fún un kó má béèrè ohun tó tọ́ sí i bí ẹni tó ń tọrọ oore.

Ti àwọn olùkọ́ tí ojú wọn ò dúró síbi kan: kó má dá lọ sí ọ́fíìsì, kó má pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ́, kó sì tètè sọ fún yín. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi "kí lo wọ̀?" ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́.

Nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ gidi ni fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ní ti ọ̀rọ̀ ọkọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń bẹ̀rù, mo lọ́kọ; bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ nílé, èmi ló ń pè.

Kó wá àwọn APWEN lọ tó bá ti wọlé, ẹgbẹ́ àwa obìnrin ẹnjiníà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982. Ṣùgbọ́n TD ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kó tó wọlé. Bóòdù, T-square, set square méjèèjì, pẹ́ńsù 2H àti HB, ó tó. Súpánà tòkunbọ̀ ń bẹ lọ́pọ̀ ní Àràrómì ní Géètì, ẹ ṣá ná an dáadáa. Bí ẹ bá ń gbé apá Agbówó tàbí Ṣáńgo, ẹ kọ̀wé sí mi, màá fi yín mọ ẹni tó ń kọ́ wọn ní drawing.