Áàpù orin kò mọ ohun tí Bàbá ń gbọ́

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè ìdí tí áàpù orin fi ń gbé orin àwọn ọ̀dọ́ Èkó wá fún Màmá wọn, nígbà tó jẹ́ pé dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, ni Màmá fẹ́: ẹ má dààmú, fóònù yín kò bàjẹ́. Ohun tó ṣe bàbá tèmi náà nìyẹn, ó sì tó ọdún méjì kí n tó rí ọgbọ́n tá sí i.

Pàkátà ni ilé wa wà ní Ìlọrin. Lọ́jọ́ tí mo ra fóònù fún Bàbá, Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú, olórin dàdàkúàdà, ni mo kọ́kọ́ wá jáde fún wọn. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí ìyẹn ṣe tán, áàpù fúnra rẹ̀ bọ́ sórí fújì. Láti orí fújì ó di àpàlà, ó di wáàsí, nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, orin kan tí èmi gan-an kò gbọ́ rí ló ń dún. Bàbá ní, "Ta ló ní kó kọ ìyẹn fún mi?"

Ẹni tó bá dàgbà sí Ìlọrin mọ̀ pé fújì kì í ṣe dàdàkúàdà. Ọ̀rọ̀ ni dàdàkúàdà: oríkì, ìtàn ìdílé, ẹ̀fẹ̀, ìbáwí. Bàbá mi kì í jó sí i. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa mi orí, wọ́n á ní, "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ki baba ńlá wọn!" Ẹ̀rọ kò gbọ́ ìyẹn. Ohun tó ń ṣírò ni pé ẹni tó gbọ́ orin yìí, kí ló tún gbọ́? Láti ọdún 1998 ni Amazon ti ń fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ tajà: ẹni tó ra eléyìí tún ra tọ̀hún. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ohun tí èrò pọ̀ nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ń gbọ́ Jáígbadé Àlàó, tí òun náà jẹ́ olórin dàdàkúàdà, rédíò àti mẹ́mọ́rì ni wọ́n ń lò. Ìwọ̀nba tó wà lórí áàpù ń gbọ́ fújì pẹ̀lú, ni ẹ̀rọ bá so méjèèjì pọ̀.

Orúkọ tún dá kún un. Mo ti rí Odolaye, mo ti rí Odolaiye. Lójú ẹ̀rọ, ẹni méjì ni wọ́n.

Ibi tó ti dùn mí jù nìyí. Rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ni púpọ̀ nínú orin wọ̀nyí, ojú kan lódindi ló sì máa ń jẹ́ orin kan. Lórí Spotify, bí èèyàn bá ti gbọ́ orin fún ìṣẹ́jú àáyá 30, wọ́n ti kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Bàbá á gbọ́ ogún ìṣẹ́jú gbáko, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ọmọ mi á gbọ́ orin oníṣẹ́jú méjì lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni. Àkáǹtì kan náà sì ni gbogbo ilé ń lò! Nígbà tí ọlidé fi máa parí, orin ọmọdé nìkan ló kù. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n gbé fóònù sórí àga, wọ́n padà sídìí rédíò wọn, oṣù mẹ́rin ni fóònù yẹn fi wà níbẹ̀.

Mo ṣí àkáǹtì tuntun fún Bàbá nìkan. Mo pa autoplay, èyí tó ń mú kí áàpù fúnra rẹ̀ bọ́ sórí orin mìíràn. Mo fọwọ́ ara mi to orin 14 sínú playlist kan. Bó bá jẹ́ Spotify lẹ ń lò, tí ọmọ bá fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ lórí fóònù Màmá, ẹ kọ́kọ́ tan Private Session, kí ohun tí ọmọ gbọ́ má bàa dà pọ̀ mọ́ ti Màmá.

Èyí tí kò sí lórí áàpù rárá, ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń kó orin sí mẹ́mọ́rì nítòsí Ọjà Ọba ni mo ti rí i. Ó bi mí pé ọmọ agboolé wo ni Bàbá, àti pé òde ta ni wọ́n máa ń bá lọ nígbà èwe wọn. Orin mẹ́fà ló kó fún mi. Bàbá mọ márùn-ún lórí.

Ẹ kọ orúkọ àwọn olórin tí Màmá fẹ́ràn síbí. Èyí tí mo bá ti rí nínú wọn, màá sọ bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀ lórí áàpù fún yín.