Owó Régberégbe: Ṣé Ilé Ìwòsàn Ni Ká Fi Kọ́?

Ìbéèrè: Mátírọ́ọ̀nù, ẹ kú iṣẹ́ mà. Régberégbe wa, ẹgbẹ́ àwa ọjọ́ orí kan náà, ní Ìjẹ̀bú-Òde dáwó jọ lẹ́yìn ọdún Ojúde Ọba. Àwọn kan ní ká fi kọ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tuntun sí abúlé wa. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ìlera ti kúrò ní ti ilé kíkọ́. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Akápò ẹgbẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó o, akápò. Àwa Ìjẹ̀bú fẹ́ràn ilé, ohun tí àlejò máa rí tí yóò bèèrè pé ta ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ńtà ìlera kan bá ti wà nítòsí yín, òun ni kí ẹ dojú owó kọ.

Nínú ilé tuntun tí òórùn ọ̀dà ò tíì kúrò lára rẹ̀ ni mo ti ń gbẹ̀bí lóru ọjọ́ kan tí iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo ò sí. Àgbọ̀n ni mo fi há fóònù mọ́ àyà kí n lè rí ibi tí mò ń rán. Ìyá yè, ọmọ yè. Nígbà tílẹ̀ mọ́, tẹmómítà inú fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dé dígírì 14; àárín dígírì 2 sí 8 ló yẹ kó wà. A kó gbogbo rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ìyá tó pọnmọ wá láti oko padà lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà, sólà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, fún fìríìjì àti yàrá ìgbẹ̀bí, kí ẹ sì fi owó bátìrì pamọ́, torí bátìrì máa ń kú ṣáájú pánẹ́ẹ̀lì.

Àìsàn pàápàá ti yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé ló ń kún bẹ́ǹṣì wa. Báyìí, àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ súgà ni. Bẹ́ẹ̀dì kọ́ ni wọ́n nílò. Oògùn ojoojúmọ́ ni, kí ẹnì kan sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Ara á yá wọn, wọ́n á dá oògùn dúró, ó di ọjọ́ tí apá kan bá rọ kí wọ́n tó sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni ní Ṣàgámù. Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ tó ní ìdè apá kékeré àti ńlá. Ìdè kékeré lápá ìyá olóńjẹ tó sanra máa ń pe ẹ̀jẹ̀ ga ju bó ṣe wà lọ.

Ta ni yóò máa wọ̀n ọ́n? Àwọn nọ́ọ̀sì wa ń lọ sí Ìlú Ọba, n ò sì bá wọn wí. Ẹ rán ọmọ abúlé yín kan lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ní Ilese, kó kọ́ṣẹ́ CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera àárín ìlú, kẹ́ ẹ jọ tọwọ́ bọ̀wé pé yóò padà wá. Ọmọ ilé máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju ẹni tí ìjọba gbé wá lọ.

Bí owó bá ṣẹ́kù, ẹ san ìbánigbófò ìlera fún àwọn àgbà. Òfin 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ àpò ara wọn ni àwọn ìyá ọlọ́jà ṣì fi ń sanwó. Kẹ́ ẹ tó san, ẹ bèèrè bóyá sẹ́ńtà yín wà lórí ètò náà, àti bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú rẹ̀.

Ní ti orúkọ ẹgbẹ́, ẹ kọ ọ́ sára fìríìjì. Ẹ lo lẹ́tà gàdàgbà; n ò ní bá yín jà.