Lọ́yà mọ́kànlá nínú ọ́fíìsì kan, èmi nìkan ni mò ń dá jẹun

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ikeja ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà, 2022 ni wọ́n pè mí sí Bar, ìyẹn ni pé wọ́n gbà mí wọ iṣẹ́ lọ́yà, chambers (ọ́fíìsì lọ́yà) tí mo wà yìí náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwa lọ́yà mọ́kànlá la wà níbẹ̀, sẹ́kítírì méjì, kíláàkì kan àti dírẹ́bà ọ̀gá. Mà, ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, mi ò lè tọ́ka sí ẹnì kan ṣoṣo pé èèyàn mi rèé. Tá a bá ti kí ara wa láàárọ̀, ó di "ṣé o ti file ẹ̀?", ìyẹn ṣé o ti fi ìwé ẹjọ́ sí kọ́ọ̀tù, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá di aago kan, màá gbé kúlà oúnjẹ mi lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n to àwọn law report, ìwé tí wọ́n ń kó ìdájọ́ jọ sí, sí, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Gírúùpù WhatsApp tá a ní, àwọn ẹjọ́ ọjọ́ kejì nìkan ni ọ̀gá ń jù síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó jẹ́ senior associate, lọ́yà tó ti ṣíwájú wa níbẹ̀, wá bá mi wí níṣojú kláyẹ́ǹtì lóṣù tó kọjá torí pé mo kọ déètì kan ṣì, látọjọ́ náà tí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà wọn, àyà mi á já. Èmi kì í sì í ṣe ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣé kí n wá chambers míì ni, àbí ọ̀nà wà?
Ọmọ Bar tó dá wà, Ikeja

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn law report yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, torí mo mọ ibẹ̀, mo mọ bí òórùn ìwé àtijọ́ ṣe máa ń dà pọ̀ mọ́ òórùn ìrẹsì. Wàá rántí pé ní Law School, wọn ò lè pè wá sí Bar tá ò bá kọ́kọ́ jẹ dinner, dandan ni, a wọ aṣọ dúdú, a jókòó ti ẹni tá ò rí rí, à ń ṣọ́ bá a ṣe ń mú fọ́ọ̀kì torí àwọn àgbà ń wò wá. Ọ̀dọ̀ àwọn Inns of Court, àwọn ẹgbẹ́ lọ́yà àtijọ́ ní London, ni àṣà yẹn ti wá, wọ́n ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí Sapara Williams, lọ́yà àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa, tó wọ Bar ní Inner Temple, ọ̀kan nínú wọn, ní 1879. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tó wà ńbẹ̀ ò kéré: àwọn tó máa ta ko ara wọn ní kọ́ọ̀tù lọ́la, wọ́n ti jọ bu oúnjẹ lórí tábìlì kan náà rí. Lẹ́yìn náà la wá dé chambers, oníkálukú gbé fáìlì tiẹ̀ tira, ó parí.

Torí náà, bó o ṣe dá wà yẹn, má rò pé ìwọ lo burú. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí ló ń fà á. Ẹjọ́ ẹnì kan ò kan ẹnì kejì, ọdún tó o wọ Bar ni wọ́n fi ń wọn ẹ́, tí àgbà bá wọlé kọ́ọ̀tù tí àyè ò sí, ìwọ ọmọdé lo máa dìde, tó bá sì di pé ká pe ẹjọ́, ti SAN (Senior Advocate of Nigeria, oyè àwọn àgbà lọ́yà) àti tàwọn àgbà ló ń ṣíwájú. Ẹni tí wọ́n fi irú ètò báyìí tọ́ fún ọdún mẹ́wàá, kì í rọrùn fún un láti dédé wá jókòó ti ọmọ ọdún méjì kó ní báwo ni nǹkan.

Mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o lọ máa pín mọ́ínmọ́ín káàkiri ọ́fíìsì o. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, inú hold brief ni mo ti rí èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe lọ́yà tẹ́ ẹ ń ka èyí, nǹkan tá à ń pè ní hold brief ni pé lọ́yà kan ò lè wá sí kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ kan, lọ́yà míì á wá bá a dìde, á sọ fún adájọ́ pé òun dúró fún lágbájá. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó o bá mọ̀ pé o ní nǹkan ní High Court Ikeja lọ́jọ́ kejì, dìde lórí àga ẹ, lọ bá wọn ní tábìlì wọn, má fi WhatsApp ṣe é, sọ pé "Mò ń lọ High Court lọ́la, ta ló ní nǹkan níbẹ̀ tí mo lè bá a dúró fún?" Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n lè wò ẹ́ lójú lásán. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan tó ní ẹjọ́ méjì ní kọ́ọ̀tù méjì láago mẹ́sàn-án kan náà á pè ẹ́.

Tó bá wá pè ẹ́, ka fáìlì náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Má jẹ́ kí adájọ́ bi ẹ́ léèrè kó o wá ní ò ń dúró fún ẹnì kan lásán ni, wọ́n á bú ẹ, wọ́n á tún bú ẹni tó rán ẹ. Tó o bá sì dé, má kàn jù ú sí i pé wọ́n ti sún un síwájú. Kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló wá fún àwọn tibi kejì, kí ni adájọ́ sọ gan-an, ṣé bailiff, òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù tó ń pín ìwé ẹjọ́, ti fún wọn níwèé, ṣé ẹ̀rí pé ó fún wọn ti wà nínú fáìlì kọ́ọ̀tù, déètì wo, aago mélòó. Kó ti dé ọwọ́ onífáìlì kó tó lọ sílé. Àbúrò, ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní gbàgbé ẹ. Òun náà ló máa fún ẹ ní ẹ̀dà motion (ìwé ẹ̀bẹ̀ sí kọ́ọ̀tù) tó ò rí kọ, láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́ pẹ́.

Jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún kìíní mi ní Ìbàdàn, mo dé High Court ní Ring Road láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí báàgì mi, wíìgì wà, gáùn wà, bíìbù funfun tá à ń so mọ́ ọrùn ò sí. Magistrate ní Iyágankú ni mo ti ń lọ látọjọ́ yìí, a kì í wọ wíìgì àti gáùn níbẹ̀, ni mo ṣe gbàgbé bíìbù sórí okùn tí mo sá a sí nílé. Tí o ò bá wọṣọ pé, adájọ́ á ní òun ò rí ẹ, bẹ́ẹ̀ o dúró gbagidi níwájú ẹ̀. Omijé ti ń bọ̀ lójú mi. Obìnrin kan nínú chambers wa, oṣù márùn-ún a ò tíì sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ, ó tú tiẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó so ó mọ́ mi, ó fi ìka méjèèjì tẹ́ ẹ títí tó fi lọ gbọọrọ, ìka ẹ̀ tutù bíi yìnyín, ó ní tòun ti parí ní kọ́ọ̀tù kejì, kí n máa lọ. Títí dòní a ṣì ń pe ara wa, èmi ni mo sì jókòó ti màmá ẹ̀ ní ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn.

Kíláàkì yín ńkọ́? Nínú lẹ́tà ẹ, "kíláàkì kan" lo kọ. Kí lorúkọ ẹ̀? Ṣé ó ti bímọ? Òun ló mọ registrar, òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù tó ń tọ́jú fáìlì, tó ń rí fáìlì tó sọ nù, òun ló mọ ìgbà tí bailiff máa jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ Bar ló jẹ́ pé kíláàkì ló kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń file ìwé kí kọ́ọ̀tù má bàa dá a padà. Tó bá jù ẹ́ lọ, wíìgì ò sọ ẹ́ di ẹ̀gbọ́n ẹ̀ o, kúnlẹ̀ kí i, pè é ní bọ̀dá, tó o bá fẹ́ rán an níṣẹ́ lọ sí kọ́ọ̀tù, fún un lówó ọkọ̀ kó tó béèrè. Àwọn sẹ́kítírì náà bẹ́ẹ̀, má gbé ìwé ojú ìwé ogójì fún wọn láago mẹ́rin kọjá ogún kó o wá ní o fẹ́ ẹ kíákíá. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Bar tó ń fi ọwọ́ òsì pe ẹni tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Ti ẹ̀gbọ́n senior associate yẹn, lọ bá wọn nírọ̀lẹ́ tí yàrá bá dá. Kí wọn dáadáa, dúpẹ́ fún àtúnṣe yẹn torí déètì tá a kọ ṣì lè ba ẹjọ́ jẹ́ pátápátá, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nìyẹn. Lẹ́yìn náà sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá tún ṣì í, ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí kláyẹ́ǹtì má bàa pàdánù ìgbẹ́kẹ̀lé." Kì í ṣe ìgboyà ọmọdé o, òfin ìwà àwọn lọ́yà sọ ọ́ pé kí lọ́yà máa fi ọ̀wọ̀ bá lọ́yà lò, kò sọ pé ọmọdé nìkan ló kàn. Kó o tó kúrò, bi wọ́n ní nǹkan kan nípa iṣẹ́, nǹkan tí ò yé ẹ lóòótọ́. Àgbà Bar fẹ́ràn kí wọ́n bi òun.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ni kó o pè, ẹni tó o ti bá dúró ní kọ́ọ̀tù, "mò ń lọ ra àmàlà, ṣé ká jọ lọ?" Tó bá ní rárá, ọ̀la ń bọ̀. Lẹ́yìn ọ́fíìsì, lọ sí ìpàdé NBA (ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà) ẹ̀ka Ikeja, Tiger Bar yẹn, wọ́n ní Young Lawyers Forum fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nínú ọdún méje àkọ́kọ́, àwọn tí ẹ jọ ń la nǹkan kan náà kọjá wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n o, bó ti wù kí gíìsì dùn tó, má fi ọ̀rọ̀ kláyẹ́ǹtì ra ọ̀rẹ́.

Tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ lówó oṣù, tàbí tí ẹnikẹ́ni ń fọwọ́ kàn ẹ́ níbi tí kò yẹ, gbogbo ohun tí mo kọ yìí ò kàn ẹ́ mọ́, kó ẹrù ẹ, kó o tún sọ fún àwọn aláṣẹ ẹ̀ka yín. Tí kò bá sí ìyẹn, fún chambers yẹn ní oṣù mẹ́fà sí i.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Abẹ́òkúta ni chambers mi wà, èèyàn mẹ́jọ ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ Mọ́ńdè mo máa ń kó wọn jọ fún àdúrà àti Bíbélì, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, kí ìrẹ́pọ̀ lè wà. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n ń wá, àmọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí, wọn kì í sọ nǹkan kan. Ìyàwó mi ní mò ń fi dá wọn yà ni. Ṣé òótọ́ ni?
Àgbà lọ́yà, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi náà ń gbàdúrà kí n tó jáde nílé, mi ò lè bu ẹnu àtẹ́ lu àdúrà. Àmọ́ òótọ́ lìyàwó yín sọ. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń san owó oṣù fún, kò lè wò yín lójú kó ní òun ò wá, dídákẹ́ yẹn lèsì wọn. Ẹ jẹ́ kí àdúrà wà láago méje ààbọ̀ fún ẹni tó bá wù, láago mẹ́jọ ààbọ̀ kí gbogbo ilé wá jókòó ti àwọn fáìlì ọ̀sẹ̀ náà, kí kíláàkì sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó sọ ohun tó ń dá ìwé dúró ní registry, ibi tí kọ́ọ̀tù ti ń gba ìwé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ má fi ìpàdé sí aago kan sí méjì ààbọ̀. Sà, tí àwọn mẹ́ta yẹn ò bá wá láago méje ààbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n.